Bí Ẹ̀kọ́ tí Òṣìṣẹ́ Kọ́ ní Gbọ̀ngàn Ṣe Lè Dé Orí Ebè

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan bá ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta dé, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń mú bọ̀: ìwé ẹ̀rí tí a fi òǹtẹ̀ lù, ìwé tí ó kọ ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ sí, àti ìpinnu rere láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáradára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìwé ẹ̀rí a máa pẹ́ lára ògiri. Ìwé àkọsílẹ̀ a wọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì lọ. Ìpinnu rere ni kì í pẹ́. Bí oṣù méjì bá kọjá, tí ẹnìkan bá tọ òṣìṣẹ́ náà lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó bá a níbi tí ó ti ń tọ ọ̀nà àtijọ́. Ọ̀lẹ kọ́ ni òṣìṣẹ́ náà, olùkọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde ní gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kò tún bi í ní ìbéèrè kan nípa ohun tí ó kọ́, kò sì sí ohun èlò tí yóò fi dán an wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ọ̀kun gidigidi. Láti Kàbà títí dé Ìyàgbà, láti Ìjùmú dé Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun, iṣu sì ni ọ̀gá nínú ohun tí wọ́n ń gbìn. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà ní Kàbà láti ọdún 1964, ó sì wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ Ìdàgbàsókè Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Kogí, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ADP, pín ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn mẹ́rin, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ sì ni ibùjókòó ẹkùn tí ilẹ̀ Ọ̀kun bọ́ sí. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìmọ̀ ṣọ̀wọ́n ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀nà tí ìmọ̀ náà yóò gbà kúrò lẹ́nu olùkọ́, kí ó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, kí ó sì ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ dé orí ebè àgbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yé ni. Gbogbo àgbẹ̀ oníṣu ni ó mọ ìnira tí ó wà nínú àtirí èbù. Ìpín ńlá nínú ìkórè ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn ọdún tí ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì ní tó, owó gọbọi ni yóò fi rà á. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn abẹ́ ilẹ̀ tí ó wà ní Umudike, àti ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn, gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n pè ní minisett. A óò mú iṣu tí ó wọn láàárín 500 gíráàmù sí kílógíráàmù kan, a óò gé e sí èbù kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn gíráàmù 25 sí 50, a óò fi eérú tàbí oògùn pa ojú ibi tí a gé lára, a óò tẹ́ wọn sí abẹ́ ibòji kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, lẹ́yìn náà a óò gbìn wọ́n. Iṣu kan tí ì bá fún àgbẹ̀ ní èbù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè tipa bẹ́ẹ̀ fún un ní ogún.

Lójú pátákó ìkọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀bẹ gé e rí ni ó mọ ibi tí ó ti le. Gbogbo èbù ni ó gbọ́dọ̀ ní èèpo lára, nítorí pé láti ara èèpo ni ọmọ yóò ti yọ. Èyí tí ó bá jẹ́ kìkì ẹran iṣu yóò jẹrà ni. Ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n a máa gé èyí tí ó tóbi jù mọ́ èyí tí ó kéré jù. Bí òjò bá sì pẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ, èbù kékeré kò ní omi nínú tó èyí tí yóò fi dúró de òjò bí èbù ńlá ti lè dúró dè é. Òṣìṣẹ́ tí ó fi etí gbọ́ nǹkan wọ̀nyí nìkan yóò lọ fi ẹnu sọ wọ́n fún àgbẹ̀ nìkan. Àgbẹ̀ yóò dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ìdajì yóò jẹrà, yóò sì ròyìn fún gbogbo abúlé pé irọ́ ni àwọn Ágíríkì ń pa. Ó lè di ọdún púpọ̀ kí irú abúlé bẹ́ẹ̀ tó tún fetí sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá gbàgbé ẹ̀kọ́, àgbẹ̀ ni ó ń san gbèsè rẹ̀, pẹ̀lú iṣu tí ì bá sè jẹ.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Bí a bá kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ewé iṣu ti bo ọ̀pá rẹ̀, kí a máa kọ́ wọn bí a ti ń gé èbù, oṣù mélòó kan ni yóò kọjá kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ní ìdí láti mú ọ̀bẹ. Ohun tí ènìyàn kọ́ ní ìgbà òjò, tí kò sì lò ó títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ó ku díẹ̀ kí ó dà bí ẹni pé kò kọ́ ọ rí.

Ìgbàgbé yìí kò mọ̀ sí orílẹ̀-èdè kan. Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé kan jáde lórí ìrántí. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìwádìí náà. Ó kọ́ ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, lẹ́yìn náà ó ń díwọ̀n ìwọ̀n làálàá tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá tún wọn kọ́ lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí dé oṣù kan. Lẹ́yìn wákàtí kan péré, ohun tí ó kù fún un kò tó ìdajì mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó ti di bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù kan, bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ ni ó lò, àti pé ohun tí ó bá iṣẹ́ ẹni mu a máa pẹ́ lórí ẹni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ bí ó ti ń lọ náà ni ó ń lọ: púpọ̀ a sá lọ ní kété tí ẹ̀kọ́ bá parí, èyí tí ó ṣẹ́kù a sì máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni ó gbọ́dọ̀ dìde. Ìròyìn ìparí ọdún ti pẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀nà àtidi ẹ̀kọ́ mú ni kí a máa ṣí ìwé kà léraléra. Ní ọdún 2006, ọ̀mọ̀wé méjì ará Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìwé kà. Apá kan nínú wọn tún un kà. Apá kejì pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó ta yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àwọn tí ó pa ìwé dé rántí ìdá 56 nínú 100, àwọn tí ó tún un kà sì rántí ìdá 42. Wíwá ọ̀rọ̀ jáde láti inú ara ẹni ni ó ń mú un fìdí múlẹ̀. Ìbéèrè kan tí ọ̀gá bá bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, “Kí ni wọ́n ní kí á fi pa ojú èbù lára, kí sì ni ìdí rẹ̀?”, wúlò fún un ju kí ó tún ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí kà lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ tí a fi sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, télọ̀ tàbí mẹkáníìkì kì í kọ́ iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún ni wọ́n ń ka sí i. Ọjọ́ tí ó bá rí bí ọ̀gá ti ń ṣe é náà ni yóò fi ọwọ́ kàn án, bí ó bá sì ṣì í ṣe, ọ̀gá wà nítòsí láti pè é padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ awo ń ké ẹsẹ̀ Ifá níwájú olúwo rẹ̀ lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè fi ọdún mẹ́ta jókòó ti olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ èbù nìkan, nítorí iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ohun méjì tí ó wà nínú iṣẹ́ kíkọ́ yẹn, ìyẹn fífi ọwọ́ ṣe é kíákíá àti níní ọ̀gá tí ń wo ọwọ́ ẹni, ṣeé mú wọ inú iṣẹ́ ìjọba.

A tilẹ̀ ti mú un wọ inú rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1970 ni a dá àwọn ADP àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Ti Ànyìgbà ní ilẹ̀ Ígálà tẹ̀lé wọn ní ọdún 1977. Ilẹ̀ Ọ̀kun ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara nígbà náà, kò sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kogí títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ADP bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ìlànà kan tí Daniel Benor, ọ̀gbẹ́ni ará Ísírẹ́lì tí ó bá Báńkì Àgbáyé ṣiṣẹ́, ti gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà. Orúkọ ìlànà náà ni Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti Ìbẹ̀wò, orúkọ náà sì sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni òṣìṣẹ́ ń padà wá gba ẹ̀kọ́, fún ọjọ́ kan péré. Ohun tí àgbẹ̀ yóò ṣe lóko láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà èbù, ọ̀rọ̀ èbù ni, bí ó bá jẹ́ ìgbà oko ríro, ọ̀rọ̀ koríko ni. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ mẹ́jọ ní ìkáwọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀ tí a ti dá, kí àwọn ará abúlé lè mọ ọjọ́ náà bí wọ́n ti mọ ọjọ́ ọjà wọn. Iṣẹ́ alábòójútó ni láti bá òṣìṣẹ́ dé orí oko, kí ó wo bí ó ti ń ṣe é. Lóṣooṣù ni àwọn olùwádìí àti àwọn tí ó mọ irúgbìn kọ̀ọ̀kan dájú ń jókòó pọ̀ láti gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ sọ pé kò ṣeé ṣe. A tún máa ń ya ilẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ nínú oko àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbin nǹkan ní ọ̀nà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ojú lè rí ìyàtọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ pé àgbẹ̀ mẹ́wàá yóò máa retí òun lórí ebè ní ọ̀tunla kì í sùn nínú kíláàsì.

Ìlànà náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó gbówó lórí: alùpùpù, epo, owó ìrìn-àjò, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀. Àwọn mìíràn sì ṣe àríwísí pé ẹ̀kọ́ ń ti òkè wá sí oko ju bí ọ̀rọ̀ oko ti ń gòkè lọ. Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé dópin ní àwọn ọdún 1990, tí owó tí ó yẹ kí àwọn ìjọba fi rọ́pò rẹ̀ kò sì wọlé bí ó ti yẹ, alùpùpù bàjẹ́ láìsí àtúnṣe, ọjọ́ ìbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀, iye òṣìṣẹ́ sì dín kù. Ohun tí ó kù ní ọ̀pọ̀ ibi ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láìsí ìbẹ̀wò. Nínú apá méjèèjì, èyí tí ó ní ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, oúnjẹ ọ̀sán àti fọ́tò yíyà nínú ni a dì mú. Èyí tí iṣẹ́ gan-an wà nínú rẹ̀ ni a jẹ́ kí ó bọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì nípa ìyàtọ̀ tí àtúnṣe lẹ́nu iṣẹ́ lè mú wá, ẹ̀rí kan tí ó hàn kedere kò ti inú oko wá. Yàrá ìgbẹ̀bí ilé-ìwòsàn Haydom ní orílẹ̀-èdè Tanzania ni ó ti wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí a ti ń ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́, kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn tí a bí i. Ọmọláńgidi ni wọ́n fi kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò lórí ọmọláńgidi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ṣe é dáradára ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ gidi, wọ́n rí i pé ìtọ́jú náà kò sàn ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ náà wà lórí wọn, kò kàn dé yàrá ìgbẹ̀bí ni.

Ní ọdún 2011 wọ́n yí ètò náà padà. Wọ́n gbé ọmọláńgidi wá sí ibi iṣẹ́ gan-an, àwọn agbẹ̀bí sì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú àtúnkọ́ tí ó gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣooṣù. Ẹnìkan láàárín wọn ni ó ń bójú tó o. Ìròyìn tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 sọ pé iye ọmọ tí ń kú láàárín wákàtí 24 tí a bí wọn dín kù láti 11.1 nínú ẹgbẹ̀rún kan sí 7.2. Ilé-ìwòsàn kan ṣoṣo ni èyí, ọdún kan ni wọ́n sì fi wé èkejì, nítorí náà ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra gba iye náà. Síbẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ kò wọ́n ju bí ilé-ìwòsàn èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ní Kàbà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, ti lè rí lọ.

Kí ni ọ̀gá ọ́fíìsì kan lè ṣe pẹ̀lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó wọ ọkọ̀. Kí ó pè é, kí ó bi í ní ohun tí ó ń lọ kọ́ àti ibi tí yóò ti lò ó; bí kò bá sí ibi tí yóò ti lò ó, ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹni méjì ni kí wọ́n rán láti ọ́fíìsì kan náà, nítorí pé ohun tí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì lè rántí. Kí wọ́n tó jáde ní gbọ̀ngàn, kí olúkúlùkù kọ ohun kan ṣoṣo tí yóò ṣe sílẹ̀, oko ẹni tí yóò ti ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Ohun mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Kí ó sì má ṣe padà sílé lọ́wọ́ òfo: òṣùwọ̀n kékeré tí yóò fi wọn èbù ṣe é ní àǹfààní ju àpò tí a tẹ orúkọ ìpàdé sí lára lọ.

Nígbà tí ó bá dé, kí ó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iṣu àti ọ̀bẹ lọ́wọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìwé. Kò sí ohun tí ń fi ibi tí òye ènìyàn kò dé hàn án tó pé kí ó kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀gá yóò bi í ní ìbéèrè ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, yóò tún bi í lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti lẹ́yìn oṣù kan. Ní òde òní olùkọ́ lè fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo abúlé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, ìbéèrè orí tẹlifóònù kò sì lè rí i bóyá èèpo wà lára èbù tàbí kò sí. Ní ọdún 1988, ọ̀mọ̀wé méjì ará Amẹ́ríkà, Timothy Baldwin àti Kevin Ford, ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ka ipò ibi iṣẹ́ mọ́ ohun mẹ́ta tí ó ń pinnu bóyá ẹ̀kọ́ yóò di ìlò. Àwọn méjì yòókù ni òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ àti bí a ti gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá wí fún ẹni tí ó ti ibi ẹ̀kọ́ dé pé, “A kì í ṣe é báyìí níbí,” ti pa owó ìjọba run láàárín ìṣẹ́jú kan.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ètò kan wà nílẹ̀ tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ àárò ń yí láti oko dé oko. Bí ẹgbẹ́ tí ó ní ènìyàn mẹ́jọ bá ń gé èbù lóko ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kí àárò tó yí po, pẹ̀lú ọjọ́ mélòó kan láàárín ẹ̀ẹ̀kan àti èkejì. Òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ tí ó bá dé àárín wọn kò ní dúró lórí ìdúró máa kọ́ àwọn tí ó bí i. Yóò lóṣòó tì wọ́n, yóò sì wí pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé méjì, kí ẹ̀yin náà gé méjì, kí á jọ wò ó.” Ọwọ́ tirẹ̀ náà ń kọ́ ọ níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lè sọ ọ́ di ọlọ́jọ́ méjì, kí ó sì fi owó ọjọ́ kẹta ra epo fún ìbẹ̀wò mẹ́ta. Kí ọjọ́ ìbẹ̀wò wọ̀nyí ti wà lórí ìwé ìpè tí a fi ránṣẹ́, kí ó má di ohun tí a óò máa rò lẹ́yìn. Ní ti èbù, ìbẹ̀wò kìn-ín-ní yóò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀bẹ kan iṣu; èkejì yóò jẹ́ ìgbà tí èbù bá ti hù, kí òṣìṣẹ́, alábòójútó àti àgbẹ̀ jọ ka èyí tí ó yọ àti èyí tí ó jẹrà, kí wọ́n sì wá ìdí rẹ̀; ẹ̀kẹta yóò jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń wa iṣu.